Ìfihàn àwòrán Yamakoshi ní Àjàṣẹ́
Ìfihàn àwòrán tí ilé ìkàwé kékeré kan nítòsí ọjà Wàndó ṣe nípa Yamakoshi, abúlé orí òkè kan ní Jàpáànù, kò jẹ́ kí n kábàámọ̀ 500 sẹ́fà tí mo fi wọlé. Ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2004, ọ̀nà já, wọ́n sì fi hẹlikọ́pítà kó àwọn ará abúlé náà, tí wọ́n lé ní 2,000, kúrò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, wọ́n da abúlé náà pọ̀ mọ́ ìlú Nagaoka. Àwòrán ẹja funfun kan, tí ó dà bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún lórí, ni mo dúró tì pẹ́ jù. Àlàyé ara ògiri kéré púpọ̀, Faransé nìkan ni wọ́n sì fi kọ ọ́.