Bọ́ọ̀sì Jibowu sí Kútọnu: Ẹ Bá A Lọ, Ẹ Má Bá A Bọ̀

Bí ẹ ò bá tíì jáde kúrò ní Nàìjíríà rí, tí ẹ sì fẹ́ fúnra yín ṣètò ìrìnàjò yín láìsí agẹ́ǹtì, Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, bọ́ọ̀sì ńlá sì ni kí ẹ wọ̀ lọ. Àmọ́ ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àtàbọ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Balógun la jọ rin ìrìnàjò yìí. Bọ́ọ̀sì tó ń gbéra ní Jibowu la wọ̀ lọ, mọ́tò kékeré la wọ̀ bọ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni bọ́ọ̀sì náà, torí àwọn tó ń gba ọ̀nà yẹn pọ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ sì kan ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ wọn.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí Kútọnu ò le. Láti Èkó débẹ̀ kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ. Aago tiwa àti tiwọn dọ́gba. Èdè Faransé ni ìjọba wọn ń lò, Fọ̀n ni wọ́n ń sọ jù láàárín ìlú, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú mọ́ ẹ lọ́wọ́ nínú ọjà Dantokpa, ẹ ké sí ìyá kan ní Yorùbá, ẹ ó rí ẹni dá yín lóhùn. Kò tún gba físà.

Ọ̀rọ̀ físà yìí ló máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ọdún 1979 ló fún wa láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wa ká sì lo ọjọ́ 90 láìgba físà. Àdéhùn náà ò sọ pé ká máa lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ gbọ́dọ̀ ní páásípọ́ọ̀tì tó ṣì lọ́jọ́ lórí, tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS, àti yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ohun àkọ́kọ́ tó wù mí lára ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yìí nìyẹn: ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ò gba owó wa títí ó fi rí ìwé méjèèjì. Ó ṣí páásípọ́ọ̀tì, ó wo ọjọ́ tó máa kú, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé orúkọ èrò. Ọkùnrin kan tó wà níwájú wa bẹ̀ ẹ́ pé káàdì òun wà nílé, òun á mú un bọ̀ lọ́jọ́ ìrìnàjò. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, tí ẹ bá mú un dé, ẹ wá sanwó." Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ibi tó yẹ kí èèyàn ti mọ̀ pé ìwé òun ò pé nìyẹn, kì í ṣe bọ́dà Sẹ̀mẹ̀.

Ní ti páásípọ́ọ̀tì, ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ tó ronú kan ọkọ̀ rárá. Láti oṣù kẹsàn-án 2025, ₦100,000 ni ìwé olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún 5, ₦200,000 sì ni olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún 10. Nọ́ńbà NIN yín gbọ́dọ̀ bá orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí ẹ kọ mu. Alágbọn ní Ìkòyí, FESTAC tàbí Aláúsá, èyí tó bá súnmọ́ yín nínú wọn ni kí ẹ yàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Yẹ́lò káàdì wá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń kọ fún èèyàn láìgún un lábẹ́rẹ́. Ibà pọ́njú ń pa èèyàn, àìsàn náà sì wà nílẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn Port Health, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹnu ibodè, kí ẹ gba abẹ́rẹ́ gidi, kí wọ́n fún yín ní káàdì tó ní àmì tí wọ́n lè fi fóònù yẹ̀ wò. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá gbà á lónìí tó sì fẹ́ rìn lọ́la ò tíì ṣe tán. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé tiyín ti kú torí ó ti pé ọdún mẹ́wàá, irọ́ ni. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti tó èèyàn títí ayé.

Ẹ̀gbọ́n mi ò kọ́kọ́ fẹ́ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń wọ mọ́tò kékeré ní Mile 2 lọ sí Kútọnu nítorí ọjà. Ó ní, "Àbúrò mi, kí lo fẹ́ fi bọ́ọ̀sì ṣe? Bí ìwé ẹnì kan ò bá pé nínú yín, gbogbo yín lẹ máa dúró dè é." Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ mà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó." Ó wọ̀ ọ́ torí tèmi ni.

Inú ọkọ̀ náà dáa. Àga fẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ débi pé ẹ nílò ìborùn, fíìmù tí wọ́n sì ń ṣe ń pariwo jù. Ó gbéra lásìkò. Owó rẹ̀ ju ti mọ́tò Mile 2 lọ, àmọ́ ohun tí ẹ fi owó yẹn rà á hàn sí yín lẹ́yìn Agbára. Ọ̀nà Àgbádárìgì ò tíì parí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Níbi kan ó tẹ́jú, níbòmíràn kòtò ni. Àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà pọ̀ ju kòtò lọ. Níbi tí wọ́n ti dá bọ́ọ̀sì wa dúró, kọ̀ǹdọ́ á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ èrò lọ́wọ́, á bá wọn sọ̀rọ̀, á padà wọlé, a ó máa lọ. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ohun tó wà nínú báàgì wa. Lọ́jọ́ tí à ń bọ̀ nínú mọ́tò kékeré, ojú kọ̀ọ̀kan wa ni wọ́n ń wò: "Ìyá, kí lẹ rà? Ẹ ṣí i." Fún ẹni tí ò lọ rí, tí àyà rẹ̀ ń já, ìyàtọ̀ yẹn tóbi gan-an.

Sẹ̀mẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Láti ọdún 2018 ni Nàìjíríà àti Benin ti ní ibùdó àjùmọ̀lò kan níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ lè gba òǹtẹ̀ ìjáde àti ti ìwọlé láìrìn jìnnà. Kí a tó débẹ̀, kọ̀ǹdọ́ dìde, ó ní kí kálukú fi páásípọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú "owó bọ́dà", ká sì jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí owó kankan bẹ́ẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí páásípọ́ọ̀tì rẹ̀ ò tíì ní òǹtẹ̀ kankan rí, ó ní kó fi kún tirẹ̀. Mo bi í pé kí ni owó náà wà fún. Ó ní, "Ìyẹn ló máa jẹ́ kó yá, àǹtí."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Òǹtẹ̀ ò ní iye owó. Páásípọ́ọ̀tì tó mọ́ fónífóní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ti gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, tó tún wá ń gba owó tí ò ní ìwé ẹ̀rí lójú ọ̀nà, ó ń fi ìbẹ̀rù àwọn tí ò mọ̀nà ṣòwò, ó sì dùn mí, torí púpọ̀ nínú àwọn tó san án jẹ́ ọ̀dọ́ tó kó owó wọn jọ díẹ̀díẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sọ pé a ó fẹsẹ̀ ara wa lọ. Inú kọ̀ǹdọ́ ò dùn, ṣùgbọ́n kò lè dá wa dúró.

A tò sórí ìlà. Ọ̀gá tó wà nídìí fèrèsé gba ìwé mi, ó ṣí i láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó bi mí ibi tí mò ń lọ àti ìgbà tí mò ń bọ̀. Mo fi ìwé òtẹ́ẹ̀lì hàn án. Ó lu òǹtẹ̀ ìwọlé sí i, ó tì í sí mi. Mo wò ó: igun rẹ̀ nìkan ló hàn, ọjọ́ inú rẹ̀ ti ṣá torí yíǹkì ò tó. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ rẹ̀ ò hàn." Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ tìmùtìmù yíǹkì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lu òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Èyí hàn ketekete. Kò gba kọ́bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa fi ka ọjọ́ 90 yín, òun náà ni wọ́n máa wá nígbà tí ẹ bá ń jáde. Bí kọ̀ǹdọ́ bá bá yín gbà á, tí kò sì hàn, tàbí tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé, kì í ṣe òun. Nígbà tí a padà dé ọkọ̀, àwọn tó sanwó ṣì ń retí ìwé wọn.

Ẹ ṣẹ́ owó díẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀, ìwọ̀nba tó máa gbé yín dé òtẹ́ẹ̀lì. Kí wọ́n má bàa rẹ́ yín jẹ, ẹ rántí pé yúrò ni sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, so mọ́: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, kì í yí padà. Ẹ wo iye tí yúrò ń lọ ní náírà lọ́jà kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pín in sí 656, ẹ ó mọ iye tó yẹ kí sẹ́fà kan jẹ́. Ẹni tó ń ṣẹ́ owó á jẹ èrè díẹ̀ lé e, ìyẹn tọ́ sí i. Ẹ ka owó náà níwájú rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè owó ẹyọ 100 àti 200, torí àwọn ọlọ́kadà Kútọnu, àwọn tí wọ́n ń pè ní sẹ́mí, tí wọ́n máa ń wọ ẹ̀wù ìyeyè, kì í sábà ní ṣéńjì. Ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó gun un.

Nǹkan méjì mìíràn tó gbà wá: àwòrán ìlú lórí Google Maps tí mo ti fi pamọ́ sórí fóònù láti ilé, tí ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, àti bébà kan tí mo kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, àdúgbò àti nọ́ńbà wọn sí ní Faransé. Bébà yẹn ṣiṣẹ́ ju fóònù lọ. Ẹ fi han sẹ́mí, á mi orí, ẹ ó máa lọ.

Mi ò ní lọ títí lórí ìlú. Gbogbo èèyàn ló máa ń ya fọ́tò nídìí ère Amazon, ère jagunjagun obìnrin tó ga ní mítà 30. Ganvié, ìlú orí omi, dáa, ẹ gba ọkọ̀ ojú omi ní Abomey-Calavi. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ò tó lọ wò. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, ẹ̀bá Campos la ti tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí mo dúró níwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́, tí mo rí ilé gogoro rẹ̀ méjèèjì àti ọ̀dà aláràbarà ara rẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil ló kọ́ ọ, irú àwọn tó kọ́ àwọn ilé tí a bí wa sí nínú Pópó Àgùdà. Ẹni tó bá mọ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, tí João Baptista da Costa kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1894, á rí i pé ìdílé kan náà ni wọ́n. Bàbá kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí wa ní Yorùbá, ó bi wá ní agboolé wa l'Ékòó. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń ná ọjà Kútọnu láti ìgbà pípẹ́ ò dé ibẹ̀ rí. Ó ní, "Ṣé ìtòsí báyìí nìyí wà, tí mo wá ń kọjá lọ sí Dantokpa lójoojúmọ́ ayé mi?"

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àbọ̀. Ní Jibowu, ọkọ̀ wà nílẹ̀ ń dúró dè yín, ìdí nìyẹn tó fi ń gbéra lásìkò. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ l'Ékòó, Accra ló ti ń bọ̀. Kó tó dé Kútọnu, ó ti kọjá bọ́dà Aflao, ó ti kọjá bọ́dà Hilla-Condji, bí ìwé ẹnì kan bá sì fa wàhálà ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí Kútọnu lẹ máa jìyà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ aago tó máa dé. Obìnrin kan tí a jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ ti ra àlọ-àtàbọ̀. Ọjọ́ kan náà la fẹ́ padà. Nígbà tí a dé Mile 2 tí a pè é, ó ṣì wà ní ibùdókọ̀ ní Kútọnu, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Òru ló gba ọ̀nà Àgbádárìgì kọjá, ohun tí mi ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe.

Nítorí náà, ẹ wọ mọ́tò kékeré bọ̀, ní àárọ̀. Bí Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ bá ń lọ, rélùwéè Blue Line á gbé yín láti Mile 2 dé Marina, ẹ sáà ní káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó rẹ̀ lọ́wọ́. Èèyàn méjì ni wọ́n máa ń kó sórí àga iwájú nínú mọ́tò Kútọnu. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń san ti méjèèjì kó lè jókòó dáadáa. Òun náà ló kọ́ mi pé kí n ní kí awakọ̀ ṣí búùtù kí a tó gbé ẹrù sí i. Ìrẹsì ò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni òkìrìkà àti adìyẹ inú yìnyín jẹ́ èèwọ̀, bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá sì rí i nínú ọkọ̀, gbogbo èrò inú rẹ̀ ló máa dúró. Awakọ̀ tí a kọ́kọ́ bá ní búùtù òun ti kún, pé ká gbé báàgì wa lé ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣí i ká rí i, ọmọ mi." Àpò ìrẹsì ló wà níbẹ̀, ó fi ẹní bò ó. A gba owó wa padà lọ́wọ́ rẹ̀, a lọ wọ mọ́tò tó tẹ̀lé e.