Bash, zsh tàbí fish: èwo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀?

Àwọn ọmọ tó ń ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Mayfair, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí, tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, shell wo ni kí n lò?" Shell ni ètò tó ń gba àṣẹ tí ẹ bá tẹ̀, tó sì ń mú kọ̀ǹpútà ṣe é. Shell ni bash, zsh àti fish, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Àmọ́ dátà lẹ máa fi dáńlódù èyí tí kò bá sí lórí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ sì máa fi mọ̀ ọ́n lò, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bí ẹni ń ra ọjà.

Kò sí èyí tó wúwo nínú wọn. RAM 4GB tó, ó tún ṣẹ́kù. Kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ wò: kí ẹ tó sanwó, ẹ dán bọ́tìnì |, ~ àti Esc wò, torí ojoojúmọ́ lẹ máa lò wọ́n.

Brian Fox ló kọ bash fún iṣẹ́ GNU, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, ó sì jáde ní 1989. Tí ẹ bá ti fi Ubuntu tàbí Debian, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, sórí ẹ̀rọ, bash ti wà níbẹ̀. Òun náà ló wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni àlàfo inú orúkọ fáìlì. Ẹ wo èyí, níbi tí f ti dúró fún orúkọ fáìlì, tí rm sì jẹ́ àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́:

f="owo osu.txt"
rm $f

Lójú yín, fáìlì kan ṣoṣo lẹ ní kó pa rẹ́. Lójú bash, méjì ni: "owo" àti "osu.txt". Tí fáìlì kan bá ń jẹ́ "owo" lóòótọ́, ó lọ nìyẹn. Rm kì í kó nǹkan sí ibi tí ẹ ti lè lọ mú un padà. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí, àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta ni mo pàdánù. Láti ọjọ́ náà, rm "$f" ni mo ń kọ.

Zsh, tí Paul Falstad bẹ̀rẹ̀ ní 1990 nígbà tó wà ní Princeton, kì í gé orúkọ sí méjì bẹ́ẹ̀. Ó jọ bash gan-an. Tó bá jẹ́ MacBook lẹ fẹ́ rà, ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn: láti 2019 ni Apple ti fi zsh ṣe shell àkọ́kọ́ níbẹ̀, bash 3.2 tó jáde ní 2006 ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Fish ló dùn ún tẹ̀ jù. Bí ẹ bá ṣi orúkọ àṣẹ tẹ̀, pupa ló máa yọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ èyí tí ẹ ti tẹ̀ lánàá, ìyókù á yọ ní àwọ̀ eérú níwájú yín, ẹ kàn tẹ ọfà ọ̀tún ni. Ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ yàtọ̀. Níbi tí bash ti ń lo do àti done, end ni fish ń fẹ́. Àbúrò mi kan da àpẹẹrẹ bash kọ látinú nóòtì rẹ̀ sínú fish, àṣìṣe ló ń yọ ṣáá, ó wá rò pé òun ò lọ́pọlọ. Ó dùn mí. Ọpọlọ rẹ̀ pé, shell ló ṣì yàn. Èmi ò ní fi fish lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́: bash ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́.

Ní ti ètò tí ẹ máa fi kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì, ẹ lè lo nano tàbí Vim. Nano rọrùn, ó to bọ́tìnì tí ẹ máa fi jáde sísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Vim le: ẹ gbọ́dọ̀ tẹ Esc, lẹ́yìn náà :wq, kí ẹ tó lè fi iṣẹ́ pamọ́ kí ẹ sì jáde. Ṣùgbọ́n bátìrì tòkunbọ̀ kì í sábà pẹ́, wọ́n sì lè mú iná lọ nígbàkúgbà. Tí ẹ bá dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 4, tàbí tí ẹ bá ti tẹ lẹ́tà 200, Vim á ti kọ iṣẹ́ yín sínú fáìlì .swp, ìyẹn fáìlì tó ń bá yín tọ́jú iṣẹ́ tí ẹ ò tíì fi pamọ́. Ní ti nano, ohun tí ẹ ò bá tíì fi pamọ́ á bá iná lọ ni. Nítorí náà, ẹ lo nano lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ wá kọ́ Vim. Nígbà tí iná bá dé, ẹ tẹ vim -r àti orúkọ fáìlì náà, ẹ máa rí iṣẹ́ yín níbẹ̀, bóyá ìlà kan péré ló máa dín.