Ìkòkò Èèpo Àgbọn fún Pọ́pì: Ó Ṣiṣẹ́, Àmọ́ Kò Jìn Tó

Òdòdó pọ́pì kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gbòǹgbò òun. Ìdí tí mo fi ra àwọn ìkòkò kéékèèké yìí nìyẹn. Fọ́nrán ara èèpo àgbọn ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n tò wọ́n sínú atẹ oníke kan tó ní ìdérí tó mọ́ gaara, wọ́n sì fi irúgbìn oríṣi mẹ́ta sí i: pọ́pì pupa inú oko, pọ́pì Kalifóníà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn, àti pọ́pì ńlá tí wọ́n ń pè ní Oriental, èyí tó ń wà lórí ilẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ni pé a ò ní í yọ ọ̀gbìn kúrò nínú ìkòkò rárá. Tìkòkò-tìkòkò la máa rì í mọ́lẹ̀, ìkòkò á jẹrà, gbòǹgbò á sì gba ara rẹ̀ jáde. Mo ti lò ó látìgbà gbígbìn títí wọ́n fi tanná. Ohun tí wọ́n sọ yẹn ṣẹ, àmọ́ ìkòkò náà kúrú jù fún pọ́pì, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ kí ẹ rántí jù lọ nìyẹn kẹ́ ẹ tó náwó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti gbòǹgbò. Tí ẹ bá fa èhù tòmátì tu, tí ẹ lọ tún un gbìn síbòmíràn, ó lè rọ díẹ̀, àmọ́ kò ní pẹ́ nàró. Ti pọ́pì ò rí bẹ́ẹ̀. Olórí gbòǹgbò kan ṣoṣo ló máa ń rán sísàlẹ̀ tààrà, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan nígbà tó ṣì kéré. Tí ẹyọ kan yẹn bá ti já, kò sí ohun tó máa fi fa omi mọ́. Mo gbìn lára irúgbìn kan náà sínú abọ́ oníke lásán kí n lè fi wọ́n wéra, mo sì fi ṣíbí bù wọ́n jáde tilẹ̀tilẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ewé wọn ti sùn sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò sì jí mọ́. Àwọn tí mo gbé tìkòkò-tìkòkò sínú ebè kan náà, ó ṣọwọ́n kí n tó rí èyí tó rọ nínú wọn. Torí náà, ẹni tó bá sọ pé kò ṣeé ṣe láti ṣí pọ́pì gbìn ò tíì gbìyànjú rẹ̀ lọ́nà yìí.

Ìwé ìtọ́sọ́nà inú páálí náà ló bí mi nínú. Wọ́n ní ká fi ilẹ̀ bo irúgbìn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan. Rárá o! Irúgbìn pọ́pì kéré gan-an, ti pupa àti Oriental sì nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó lè hù dáadáa. Ẹni tó bá bò ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ á dúró títí, á sì rò pé irúgbìn ló bàjẹ́. Ẹ fi iyanrìn gbígbẹ pò ó kó má bàa dà gììrì sójú kan, ẹ wọ́n ọn sórí ilẹ̀ tó ti tutù, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, ó parí. Ìsàlẹ̀ atẹ ni kẹ́ ẹ máa bu omi sí kí ìkòkò fúnra rẹ̀ fà á mu, torí tẹ́ ẹ bá da omi látòkè, gbogbo irúgbìn á wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibi tó tutù ló fẹ́, nǹkan bíi dígírì 15 sí 18, ó sì sábà máa ń gbà tó ọjọ́ 10 sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yọjú. Ìdérí yẹn wúlò kó tó hù, àmọ́ gbàrà tẹ́ ẹ bá ti rí ewé tútù, ẹ ṣí i. Ooru àti ọ̀rinrin abẹ́ rẹ̀ á mú kí ìdí èhù jẹrà, wọ́n á sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá pọ̀ jù nínú ìkòkò kan, ẹ má fà wọ́n tu. Àlùmọ́gàjí ni kẹ́ ẹ fi gé àwọn tẹ́ ò fẹ́, kí gbòǹgbò èyí tó kù má bàa mì.

Ẹ wá wo ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà péré ni jíjìn ìkòkò náà. Àwọn pọ́pì pupa mi ò tíì ní ju ewé mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tí mo gbé ọ̀kan sókè, kí ni mo rí? Ẹnu gbòǹgbò funfun kan ti yọ nísàlẹ̀, ó ti kan oníke, ó ti ṣẹ́rí, ó sì ń tọ ojú atẹ lọ. Òkè ò tíì dàgbà, ìsàlẹ̀ ti há. Ẹni tó bá ń retí kí ewé tóbi dáadáa kó tó gbé e jáde á rí i pé gbòǹgbò ti lẹ̀ mọ́ atẹ, ìgbà tó bá sì máa gbé e, á já. Ó sàn kẹ́ ẹ tètè gbé wọn, nígbà tí ewé gidi, ìyẹn àwọn tó ń yọ lẹ́yìn ewé méjì àkọ́kọ́, bá di méjì sí mẹ́rin, nírọ̀lẹ́ tàbí lọ́jọ́ tí oòrùn ò mú. Ká ní ìkòkò náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni, mi ò ní ní ẹjọ́ kankan.

Ohun méjì tí wọn ò kọ sínú ìwé wọn: ẹ rẹ ìkòkò sínú omi kẹ́ ẹ tó rì í, torí èyí tó bá gbẹ máa ń le, gbòǹgbò ò sì ní í ráyè gbà á kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ ya etí òkè rẹ̀ dànù. Tó bá yọ sókè ilẹ̀, atẹ́gùn á máa fa omi gba ibẹ̀ jáde, ìdí ọ̀gbìn á sì máa gbẹ láìka bẹ́ ẹ ṣe ń bomi rin ín. Ibi tí oòrùn wà tí omi kì í sì í dúró sí ló yẹ wọ́n, kí àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ti Oriental sì fẹ́ tó 45 ó kéré tán.

Oriental ọ̀hún yàtọ̀ o. Òun náà ò fẹ́ ìdààmú nígbà tó wà ní èhù, àmọ́ tó bá ti dàgbà, á tanná tán, ewé rẹ̀ á kú sílẹ̀ nígbà ooru, á sì lọ sinmi. Ìgbà yẹn ló ṣeé wú. Kódà, gbòǹgbò tó bá ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ á tún hù, àwọn olùṣọ́gbà sì máa ń dìídì gé e sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè fi bí òmíràn. Fún òun, ìkòkò yìí tọ́ sí owó rẹ̀ dáadáa, torí èhù rẹ̀ máa ń falẹ̀, ìgbín sì máa ń jẹ ẹ́ tán lórí ebè.

Ti pupa àti Kalifóníà ńkọ́? Mo wọ́n díẹ̀ tààrà sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ti inú ìkòkò. Àwọn ti orí ilẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fojú hàn, àmọ́ nígbà tí wọ́n máa tanná, igi wọn ló le jù, òdòdó wọn ló sì pọ̀ jù. Ti inú ìkòkò ló kọ́kọ́ yọ òdòdó: orí tó ti ń wo ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ nàró, èèpo onírun méjèèjì já bọ́, òdòdó pupa tó rún wóówóó jáde, ó sì tẹ́ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn. Àwọn oyin ti débẹ̀ kó tó là tán. Inú mi dùn sí i, mi ò lè parọ́.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́ta ni mo fún un. Ẹni tí koríko tàbí ìgbín ń yọ lẹ́nu nínú ọgbà, tàbí tó fẹ́ gbin Oriental, kó rà á. Ẹni tó ní ilẹ̀ tó mọ́, tó sì fẹ́ pupa tàbí Kalifóníà nìkan, irúgbìn lásán ti tó o. Tí wọ́n bá fi kún jíjìn ìkòkò náà, tí wọ́n sì tún ìwé ìtọ́sọ́nà yẹn kọ, màá tún rà á.