Bọ́ọ̀dù inverter: èyí tó ń rántí àti èyí tí kì í rántí

Ẹ̀yin tí ẹ ń to inverter bíi tèmi, oríṣi bọ́ọ̀dù méjì lẹ máa bá lọ́jà. Ọ̀kan ń fi PI lásán (ọgbọ́n tó ń wo àṣìṣe iná, tó sì ń tún un ṣe bó ṣe ń rí i) darí iná tó ń jáde; èkejì fi repetitive control (ọgbọ́n tó ń rántí àṣìṣe ìyípo tó kọjá) kún PI. Mo ti lo méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ádó-Èkìtì. Ti wọ́ọ̀tì àti fóòtì, ẹ kà á lára páálí.

Ohun tó jẹ mí lówó rèé. Mo to inverter tó ń lo PI lásán kan fún oníbàárà tó ń tẹ̀wé n'Íkẹ̀rẹ́. Gílóòbù àtijọ́, irú èyí tó ń gbóná, ni mo fi dán an wò, iná rẹ̀ sì mọ́ kedere. Oníbàárà gbé e dé ilé, ó so kọ̀ǹpútà mẹ́fà mọ́ ọn, ó sì pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, fáànù yìí ń kùn ṣáá." Mo pààrọ̀ kapásítọ̀ fáànù, ó ṣì ń kùn. Ìgbà tí mo gbé oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìgbì iná, lọ ni mo rí i pé orí ìgbì iná ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Orí ìgbì nìkan ni kọ̀ǹpútà ti ń fa iná, gbogbo wọn á sì fà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí PI tó dìde sí i, ibẹ̀ ti kọjá. Ìgbì tó tẹ̀ lé e tún já sí kòtò kan náà. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo sì ru inverter mi wálé.

Bọ́ọ̀dù tó ń rántí ń ṣe bí ẹni tó mọ iyán gún: tó bá ti rí kókó, orí kókó yẹn ló máa sọ ọmọ odó sí. Iná 50Hz (ìyípo 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ń yípo kan láàárín 20ms. Bọ́ọ̀dù tó ń wo ìgbì nígbà 10,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń tọ́jú àṣìṣe ibi 200 sí mẹ́mórì. Tí ìgbì bá tún dé ibi tó ti lọ sílẹ̀, á ti gbé e sókè. Bó ṣe ń mú 50Hz náà ló ń mú àwọn ìgbì kéékèèké 150Hz, 250Hz àti 350Hz tó ń ba orí ìgbì jẹ́. Ní 1981 ni àwọn ará Japan gbé ọgbọ́n yìí jáde, fún iná mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ tó ń mú prótọ́ọ̀nù sáré.

Owó PI lásán kéré, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Ó tún yára: tí fíríìjì bá gbéra lójijì, òun ló máa kọ́kọ́ dáhùn, torí apá tó ń rántí ní láti dúró de ìyípo tó kàn. Ẹ má ra èyí tó yọ PI kúrò láé.

Ẹ bi òǹtajà bóyá fílítà wà lórí mẹ́mórì náà. Tí kò bá sí, àṣìṣe wínníwínní á máa gorí ara wọn títí ìgbì á fi máa gbọ̀n. Tí ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ rí i pé ó lè tún ìyípo rẹ̀ kà: tí jẹnẹrétọ̀ bá sáré dé 52Hz, ibi 200 ti di bí 192, ìrántí náà á ṣì ibi mú.

Ẹni tó jẹ́ gílóòbù àtijọ́ àti áyọ́ọ̀nù nìkan ló fẹ́ lò, PI tó o. Ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà tàbí ṣájà fóònù, kó fi owó kún un. Èyíkéyìí tí ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ gbé kọ̀ǹpútà méjì-mẹ́ta dání lọ, kí ẹ so fáànù mọ́ ọn, kí ẹ dẹtí sí i kí ẹ tó sanwó.