Mo bá wọn jà torí 5.5: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn tó ń máàkì IELTS Writing lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ tí mo rí 5.5 yẹn, oúnjẹ ò gba ọ̀fun mi kọjá. Àpèjúwe ṣáàtì kan náà ni mo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí ilé iṣẹ́ kan náà tó ń máàkì ìdánrawò fún IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín. Ẹni tó kọ́kọ́ máàkì rẹ̀ fún mi ní báńdì 7 (báńdì ni máàkì IELTS, 9 ló ga jù), ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ mi dùn, pé kí n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Mo tún sípẹ́lì mẹ́ta ṣe, mo dá a padà, mo ní 7.5 ló máa dà. Ẹni kejì fún mi ní 5.5.

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà yẹn. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan rí, 6 ni mo gbà nínú Writing, ìyẹn apá ìkọ̀wé, ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń lé ò sì gba ohunkóhun tó bá dín ní 6.5. Ìdí tí mo fi sanwó fún àpèjúwe mẹ́wàá àti ìpè fóònù kan nìyẹn. Wọ́n wá ń sọ fún mi pé mo ti ń rìn padà sẹ́yìn.

Ṣáàtì náà kì í ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń múra fún Task 1 ti Academic, ìyẹn iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú Writing, níbi téèyàn ti ń ṣàpèjúwe ṣáàtì: òbìírí mẹ́ta lórí oúnjẹ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọ̀kan jẹ́ ti sódíọ̀mù, èyí tó wà nínú iyọ̀; iyọ̀ ni màá máa pè é. Ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀rá tó máa ń dì. Ọ̀kan jẹ́ ti ṣúgà tí wọ́n fi kún oúnjẹ. Wọ́n pín òbìírí kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin: oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́, àti ìpanu. Ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ tún sọ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣàkóbá fún ara téèyàn bá jẹ wọ́n jù. Gbólóhùn yẹn ni pàkúté tó mú mi. Mo kọ nípa àtọ̀gbẹ. Mo kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo gba gbogbo ará Amẹ́ríkà nímọ̀ràn pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ìpanu. Mo kọ ọ́ pé iyọ̀ “soared”, ìyẹn pé ó fò sókè, láti 14 ní àárọ̀ dé 43 ní alẹ́. Gbólóhùn tó wá dùn mọ́ mi jù ni èyí tí mo fi sọ pé ṣúgà tí wọ́n ń jẹ nínú ìpanu jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀, torí mo rí 42 níbi ṣúgà, mo rí 14 níbi iyọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ fi àmì dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ “soared”. Ẹni kejì fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn mẹ́rin, ohun kan náà ló kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: “Níbo lẹ ti rí èyí?” Kò sí àlàyé míì ju pé kò rí overview kankan, ìyẹn àkópọ̀ ohun tó hàn jù lórí ṣáàtì.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 12 lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Wọ́n kí mi dáadáa. Mo fi àwòrán àbájáde méjèèjì síwájú wọn, mo ní kí wọ́n wo 7, kí wọ́n wo 5.5. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní àwọn tó ń máàkì fún àwọn mọṣẹ́ dunjú. Mo ní mi ò sọ pé wọn ò mọṣẹ́, mo ní èwo ni kí n gbà gbọ́. Ó ní àwọn tó ń máàkì fún àwọn mọṣẹ́ dunjú. Ọ̀rọ̀ kan náà, àmì ìdánudúró kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹlòmíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kí mi látìbẹ̀rẹ̀, ó bi mí pé kí ni ìṣòro mi. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ. Òun náà lọ. Aago mẹ́wàá ti lù kí ẹnì kẹta tó dé, òun nìkan ló sì ka ohun tí mo kọ. Ó ní, “Mo ti rí i. Báńdì kan ààbọ̀ pọ̀ jù láàárín ẹni méjì. Mi ò lágbára láti yí máàkì yín padà, àmọ́ mo lè lo ìpè fóònù yín láti so yín pọ̀ mọ́ ẹni tó fún yín ní 5.5. Ṣé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Mo fẹ́ ẹ gan-an. Ìjà ni mo fẹ́ lọ jà.

Aago mẹ́rin ni wọ́n dá fún mi, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 25 ni fóònù dún. Ìyẹn tún bu epo síná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kí tíṣà náà tó kí mi tán. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó sì bẹ̀ mí pé kí n ṣí ṣáàtì náà.

“Ẹ fọwọ́ lé 42.”

“Mo ti fọwọ́ lé e.”

“42 kí ni?”

“Ṣúgà.”

“Ṣúgà tó tó gíráàmù mélòó?”

Mo wá a títí. Kò sí níbẹ̀.

“Ẹ lọ síbi 14 tó wà fún iyọ̀. Òun náà ńkọ́?”

Kò sí níbẹ̀.

“Ìdajì owó ọwọ́ ọmọdé àti ìdámẹ́wàá owó olówó, èwo ló pọ̀ jù?”

Ibẹ̀ ni ara mi ti rọ̀. Òbìírí kọ̀ọ̀kan ló ní 100 tirẹ̀. Ohun tí 42 ń sọ ni pé nínú gbogbo ṣúgà tí wọ́n ń fi kún oúnjẹ wọn, ìpanu ló ń kó ìpín 42 nínú ọgọ́rùn-ún wá. Kò sọ bí ṣúgà ọ̀hún ṣe pọ̀ tó, kò sì mọ nǹkan kan nípa iyọ̀. Gbólóhùn tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ mi, irọ́ gbáà ni. Látorí ibí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi “wọ́n” pe tíṣà yẹn, n ò sì ní yé pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bi mí nípa “soared”: ọdún wo ló bẹ̀rẹ̀, ọdún wo ló parí? Kò sí ọdún kankan lórí ṣáàtì náà. Wọ́n ní ká ní ìlà tó ń fi hàn bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹ oúnjẹ kan láti ọdún dé ọdún ni, ọ̀rọ̀ gíga àti wíwálẹ̀ ì bá bá a mu. Èyí tó wà níwájú mi, ìpín la fi ń wé ìpín níbẹ̀: èwo ló pọ̀ jù, èwo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti àtọ̀gbẹ, wọn ò bá mi jiyàn pé bóyá òótọ́ ni tàbí kì í ṣe òótọ́. Wọ́n kàn ní Task 1 ò bi mí ní ìdí, kò sì bi mí ní ìmọ̀ràn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n ya bébà pélébé-pélébé kí n fi bo gbogbo nọ́ńbà. “Kí lojú yín ṣì ń rí?” Mo ní oúnjẹ alẹ́ ló tóbi jù nínú iyọ̀ àti ọ̀rá, ìpanu ló tóbi jù nínú ṣúgà, oúnjẹ àárọ̀ ò tóbi níbì kankan. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Overview yín nìyẹn.” Ìwé òṣùwọ̀n tí IELTS fúnra wọn gbé síta wà lára ògiri mi látoṣù méjì, ó sì wà níbẹ̀ pé ẹni tó kàn ń to kúlẹ̀kúlẹ̀ láìsọ ohun tí gbogbo rẹ̀ ń fi hàn lápapọ̀, báńdì 5 ló ṣeé ṣe kó gbà ní Task Achievement, ìyẹn bó ṣe ṣe ohun tí ìbéèrè ní kó ṣe sí. Ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa gírámà nìkan ni mo máa ń kà.

Ìṣẹ́jú 20 ni mo sanwó fún. A lo wákàtí kan ó dín díẹ̀, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lé e.

Ìbínú mi ò lọ, ó kàn yí ojú sẹ́ni tó fún mi ní 7 ni. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n fi ń díwọ̀n Writing, iye kan náà ni wọ́n sì ń kà fún kálukú. Àyàfi bí mo bá ṣi ẹni yẹn gbọ́, gírámà àti ọ̀rọ̀ tó ń dán nìkan ló wò. Ká ní mo dúró lórí 7 rẹ̀, irọ́ ìlọ́po mẹ́ta yẹn ni ǹ bá gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo ní kí ilé iṣẹ́ náà dá owó máàkì ẹyọ kan yẹn padà fún mi. Ọjọ́ mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó fèsì pé iṣẹ́ tí wọ́n bá ti ṣe, owó rẹ̀ kì í padà. Ẹni náà ṣì wà níbẹ̀. Oníbàárà ò sì lè yan ẹni tó máa máàkì fún un. Nínú mẹ́jọ tó kù fún mi, mẹ́ta péré ló bọ́ sọ́wọ́ tíṣà mi.

Aago tó wà lójú ìwé wọn dáa, ó máa ń ti ìwé pa gẹ́lẹ́ tí ìṣẹ́jú 20 bá pé. Ó ti tèmi pa níbi ọ̀rọ̀ 118 lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ 150 ló kéré jù. Láti ọjọ́ yẹn mi ò tún fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́.

Mo gba 7 nínú Writing. Task 2, ìyẹn àròkọ, ló ní ìlọ́po méjì máàkì, ibòmíì ni mo sì ti kọ́ ìyẹn, torí náà mi ò lè gbé gbogbo ìyìn fún ilé iṣẹ́ yẹn. N ò ní sọ ṣáàtì tí wọ́n fún wa. Mo kàn fi àtẹ́lẹwọ́ bo nọ́ńbà rẹ̀ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, torí ẹni tó ń fún èèyàn ní 7 láìwo ṣáàtì. Àbúrò mi ń ṣe tirẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Àná ni mo bá a sanwó síbẹ̀, mo sì ní kó kọ́kọ́ lo ìpè fóònù rẹ̀, kó béèrè fún tíṣà mi.