Scarlett 2i2 pẹ̀lú SM58: ohun tí mo fi ń gba orin sílẹ̀ nílé l'Ógbómọ̀ṣọ́

Àwọn kan ń bi mí pé kí ni mo fi ń gba orin sílẹ̀ tó fi ń dún báyẹn, ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Scarlett 2i2 ti Focusrite ni, àpótí kékeré tó ń gbé ohùn láti ara máìkì wọ inú láptọ́ọ̀pù, third gen (ẹ̀dà kẹta), tòkunbọ̀, pẹ̀lú máìkì SM58 ti Shure àti Reaper, ètò tí mo fi ń gba orin sílẹ̀ tí mo sì fi ń tò ó, lórí láptọ́ọ̀pù. Ó parí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára 2i2 yẹn ni pé kò ní wáyà iná tiẹ̀, ara láptọ́ọ̀pù ló ti ń mu iná gba inú wáyà USB, torí ẹ̀ tí wọ́n bá múná lọ ní Under-G níbí tí gbogbo ilé àwọn ọmọ LAUTECH bá tan jẹ́ẹ̀nì, èmi ń gba ohùn mi lọ ní tèmi, bátìrì láptọ́ọ̀pù ló ń gbé méjèèjì. Iná róbótó kan wà tó yí gain ká, ìyẹn kọ́ńbù tẹ́ ẹ fi ń pinnu bí ohùn máìkì ṣe máa lágbára tó, tó bá ṣe gíríìnì ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, tó bá ti pọ́n, ohùn ti ń fọ́ nìyẹn, kò sì sí idán tẹ́ ẹ lè pa sí i lẹ́yìn ẹ̀.

Ní ti máìkì, wọ́n á ní irú máìkì tí wọ́n ń pè ní condenser lẹ gbọ́dọ̀ rà. Lóòótọ́ ó ń gbọ́ ohùn fínnífínní, wàhálà ẹ̀ gan-an nìyẹn! Nínú yàrá tí kò ní fóòmù, adìẹ ẹ̀yìnkùlé, ọlọ́kadà, jẹ́ẹ̀nì aládùúgbò, gbogbo ẹ̀ ló máa kó wọlé. SM58 kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ kẹ̀yìn ẹ̀ sí fèrèsé kẹ́nu olórin sún mọ́ ọn. Ayédèrú ẹ̀ pọ̀ lọ́jà o, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ó wá ku kí orin dún sókè. Limiter, ohun tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ibi tẹ́ ẹ bá fi àjà sí, lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré bá, wọ́n á fún orin pa. Gángan ò gba irú ẹ̀. Bí kọ̀ǹgọ́ bá ṣe ń ba awọ, ìró àkọ́kọ́ yẹn á ti kan àjà kí orin yòókù tó dé ibì kankan, limiter á wá tẹ gbogbo wọn mọ́lẹ̀ pọ̀, ohùn olórin á máa rì ní gbogbo ìgbà tí onílù bá ti lu ìlù. Compressor, tó ń dín ibi tó bá ga jù kù, ni mo fi ń mú ṣóńṣó yẹn wálẹ̀, attack kékeré (kó tètè mú un), lórí gángan nìkan. Lára ohùn, mo máa ń gé gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 80 Hz dànù, ìyẹn àwọn ìró tó rẹlẹ̀ jù, kò sí orin níbẹ̀, hùn-ùn jẹ́ẹ̀nì àti fáànù ló ń jẹ àyè. Gángan sì rèé, ó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, ibi tí ohùn èèyàn wà náà ló fẹ́ jókòó sí, ẹ tì í sí ọ̀tún díẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí òsì, kẹ́ ẹ fi àárín sílẹ̀ fólórin. Ìgbà yẹn ni limiter tó kàn, díẹ̀ náà ló sì máa ṣe.

Tẹ́ ẹ bá fún un pa dé -7 LUFS (òdiwọ̀n bí orin ṣe ń dún sókè tó, -7 ga ju -14 lọ), Spotify á ṣáà dín in kù sí -14, ariwo yẹn á lọ, fífún-pa ẹ̀ lá ṣẹ́ kù. Àmọ́ èyí tí wọ́n máa kó sórí fláàṣì ní Takie, kò sẹ́ni tó máa bá yín dín in kù, mo máa ń ṣe tiwọn kó ga díẹ̀ sí i.

Ibi tó kù sí: ihò headphone kan ṣoṣo, máìkì méjì péré. Ẹni tó fẹ́ gba onílù mẹ́ta, ẹ má tìtorí orúkọ ra Scarlett 4i4 third gen, máìkì méjì náà lòun gbà, 18i8 ló gba mẹ́rin, ìyẹn sì nílò iná tiẹ̀.