Ìkìlọ̀: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lu òpó ọkọ̀ yín kí ẹ tó rí iná tí wọ́n máa gbé síbẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tó ń fi píkọ́ọ̀pù àtijọ́, èyí tí àwa níbí ń pè ní bàṣé, kó àgbàdo, ẹ̀gẹ́ tàbí kajú láti oko Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí bí ẹ bá ń gbèrò láti gbé iná àfọwọ́yí sára òpó ọkọ̀ yín. Iná tí mò ń sọ ni èyí tí irin rẹ̀ gba inú òpó tó wà láàárín gíláàsì iwájú àti ilẹ̀kùn kọjá, tí awakọ̀ ń di ọwọ́ rẹ̀ mú nínú ọkọ̀, tí ó sì ń yí i síbi tó bá wù ú láìsọ̀kalẹ̀. Ó wúlò gan-an fún ẹni tó ń gba ọ̀nà Ìlárá lálẹ́. Ọgbọ́n tí àwọn kan fi ń tà á ni mo fẹ́ tú síta.

Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti fi ọgbọ́n náà mú mi. Mo bá ọkùnrin kan ná iná tòkunbọ̀ kan, a fẹnu kò sí 60 000 fáráǹkì, òun náà ni yóò sì bá mi gbé e sọ́kọ̀. Iná tó fi hàn mí mọ́ tónítóní, ó wúwo lọ́wọ́, ìdìmú rẹ̀ ń yí wọ́ọ́rọ́. Ó gbowó tán, ó ní kí n lọ jẹun, kí àwọn ọmọṣẹ́ òun máa báṣẹ́ lọ. Kí n tó jẹ̀kọ dé, wọ́n ti lu òpó apá òsì já látìta dé inú. Ìgbà náà ló wá sọ fún mi pé iná tí a jọ yẹ̀ wò kò bá Hilux mi mu, pé èyí tó bá a mu wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n 35 000 ló kù tí n óò fi kún un. Ẹ wo ẹ̀tàn náà dáadáa: kì í ṣe iná ló fi mú mi, ihò ni. Ta ni yóò wa ọkọ̀ tí òpó rẹ̀ lu jáde nígbà òjò? Mo sanwó.

Ti apá ọ̀tún ni iná kejì náà. Iná òpó ní ti òsì, ó ní ti ọ̀tún, irin ìdè tó ń mú un mọ́ òpó sì yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, nítorí bí òpó ṣe dagun sẹ́yìn kò rí bákan náà. Ilé iṣẹ́ Unity ní Chicago, tó ti pẹ́ nídìí iná yìí, a máa ta irin ìdè náà lọ́tọ̀ fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tèmi, bí mo bá yí i sókè, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń tàn sí. Ihò tó sì ti fẹ̀ jù, ọṣẹ ni wọ́n fi dí etí rẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ìfófòó ń ṣàn wálẹ̀ lára gíláàsì mi.

Èyí tó fẹ́ pa mí ni ti wáyà. Mo ti kọjá Ṣakétẹ́, n kò tíì dé Pọ́bẹ̀, nígbà tí òórùn rọ́bà tó ń jó gba inú ọkọ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì rí wáyà tín-ín-rín bíi ti rédíò tí wọ́n fà tààrà látorí bátìrì, láìsí fíúùsì, tí ó gba ojú irin mímú kọjá láìní rọ́bà tó bò ó, tí irin sì ti gé e débi pé bàbà ń hàn. Gílóòbù 100 wáàtì lórí bátìrì 12 fólítì ń fa ju áńpíà 8 lọ. Ti 55 wáàtì kò tó 5. Wáyà 2.5 mm² ni oníná tó tún un ṣe fún mi ní Kétu fà sí i, ó fi rìléè tó ń gbé iná ńlá dípò bọ́tìnnì sí i, ó sì fi fíúùsì áńpíà 15 sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an, kí ó lè já bí wáyà bá fara kan irin.

Nítorí náà, ẹ gbé bátìrì lọ, kí ẹ sì tan iná náà lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé irin ìdè rẹ̀ lé òpó kí ẹ rí i pé ó jókòó, kí ẹ sì béèrè páànù àwòṣe tí yóò tọ́ ẹ̀rọ ìlùhò sọ́nà. Ẹ fi ìdajì owó pamọ́. Ẹ má kúrò níbẹ̀, ebi kò ní pa yín kú. Ọkọ̀ àtijọ́ ni tiwa, ẹ fi ìka kan òpó náà kí ẹ gbọ́ bóyá irin ni tàbí mástíkì tí wọ́n fi bo ibi tó ti dógùn-ún. Bí wọ́n bá sì lu ihò, kí wọ́n kun etí rẹ̀ lọ́dà kí irin kankan tó wọ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn mi, iná kan náà ni wọ́n fi hàn án. Ẹ̀kán ọ̀dà pupa kan wà lẹ́yìn rẹ̀, nítòsí ìdìmú. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín.